Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Tó Ń Gba Ipò Kìíní Bí A Ṣe Ń Ṣèwádìí: Ìrírí Mi

Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kí ẹ wá máa kọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù, ẹ má tètè yọ̀. Èmi yọ̀. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí n'Ìbàdàn, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa pariwo nínú kíláàsì tí ọmọ mẹ́ta ti ń há ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n ṣa àwọn tó mọ̀wé jù ní JSS3 àti SS1, kí n máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ronú àti bí a ṣe ń ṣèwádìí láràárọ̀ Sátidé, ìsinmi ni mo pè é. Ọmọ tí a kì í sọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, kí ló tún le nínú kíkọ́ irú wọn?

Ó le. Mo ń kọ èyí nítorí ẹni tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, kó má baà fi odidi táàmù kan ṣòfò kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Láti orí ṣíṣà wọn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé èsì ni a wò: ipò kìíní dé ìkẹta nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó parí. Joseph Renzulli, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ ọ́ láti ọdún 1978 pé nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé lára ọmọ tí a lè pè ní ọlọ́pọlọ pípé: òye tó ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àtinúdá, àti kí ọmọ lè rọ̀ mọ́ iṣẹ́ kan títí yóò fi yọrí. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé èsì tiwa ń wọ̀n, kò sì wọ̀n ọ́n dọ́gba, nítorí ẹni tó bá lè há nǹkan sórí ló ń gbé sókè jù. Nígbà tí a máa ṣa ọ̀wọ́ kejì, mo já ẹ̀ka ewúro kan láàárọ̀, mo fi í sórí tábìlì títí ó fi rọ, mo wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wá sí i lọ́kàn. Àwọn kan kọ pé, "Kí ni orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀?" Ọmọ kan kọ pé, "Kí ló dé tí ewé kékeré orí ẹ̀ ṣe kọ́kọ́ rọ ṣáájú àwọn tó tóbi?" Irú ìbéèrè kejì yìí ni mo fi ṣa wọ́n, ibi yòówù kí ọmọ wà lórí ìwé èsì. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún irú àwọn ọmọ báyìí ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n mélòó ló máa débẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù wà lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ya àwòrán sẹ́yìn ìwé.

Ní táàmù àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó le jù ni mo ń kó fún wọn. Ìbéèrè ìdíje ìṣirò, ìbéèrè JAMB àtijọ́, iṣẹ́ SS3. Wọ́n ń ṣe é tán. Inú mi ń dùn, mò ń ròyìn fún ọ̀gá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó kíyè sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: olúkúlùkù á fi apá bo ìwé rẹ̀ kí aládùúgbò má baà rí i, ojú wọn á sì máa wò kiri kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti parí. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá lé díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdáhùn tó jáde, wọn á fò ó. Irú ìwà yìí ló sì ń gbé wọn gba ipò kìíní láti pámárì. Ìwádìí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó là mí lójú ni eré kan tí Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1960. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta sójú pátákó: 2, 4, 6. Mo ní òfin kan wà lọ́kàn mi tí nọ́ńbà mẹ́ta yìí tẹ̀ lé. Kí wọ́n máa mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta tiwọn wá, èmi á máa sọ bóyá ó bá òfin mu tàbí kò bá a mu. Ẹni tó bá ti dá lójú ni kó kọ òfin náà sílẹ̀.

"8, 10, 12." Bẹ́ẹ̀ ni.

"20, 22, 24." Bẹ́ẹ̀ ni.

"1000, 1002, 1004." Bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí bírò fi bẹ̀rẹ̀ sí lọ lórí ìwé. Gbogbo wọn pátá kọ pé à ń fi méjì kún un ni. Gbogbo wọn pátá kùnà. Òfin tó wà lọ́kàn mi ni pé kí nọ́ńbà máa pọ̀ sí i ṣáá. 1, 7, 300 náà bá a mu. Kò sẹ́ni tó dán 6, 4, 2 wò, tàbí 1, 2, 3. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé màá sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí nìkan ni wọ́n ń mú wá.

Ọmọkùnrin kan ti ìwé ẹ̀ sẹ́yìn. "Mà, ẹ tàn wá jẹ ni." Omi ti lé ròrò lójú ẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, bóyá ni ó sì tíì kùnà lójú ẹgbẹ́ rí láyé ẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Wason kọ́kọ́ fi eré yìí dán wò, púpọ̀ nínú wọn ló sì kó sínú ohun tó kó sí. Ìyẹn tù ú nínú díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn kan ti wọ kíláàsì wa: "Mú èyí tó lè já ẹ nírọ́ wá." Wọ́n ń fi yẹ̀yẹ́ ara wọn lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọn ò ṣe é ní yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi: ọmọ tó mọ̀wé kì í fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀rù á ba á. Àwọn kan á ní orí ń fọ́ àwọn ní Sátidé. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni.

Ìtàn Semmelweis ni mo lò tẹ̀ lé e, mo sì fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Dókítà ni Semmelweis ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Vienna, nílẹ̀ Austria. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1846, nínú ìbímọ 4,010 ní ẹ̀ka kìíní, ìyá 459 ló kú. Ní ẹ̀ka kejì, ìyá 105 nínú 3,754. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló wà ní ẹ̀ka kìíní, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ló wà ní ìkejì. Kí n tó sọ ọ́ débẹ̀, ọmọbìnrin kan ti na ọwọ́ sókè: "Wọn ò fọwọ́ ni, mà! Kòkòrò àrùn!" Ẹ̀kọ́ parí. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ìwé ọdún yìí ló ń kà. Kò ronú ohunkóhun.

Ìgbà kejì, mo gé ìtàn náà sí wẹ́wẹ́. N kò dárúkọ ìlú, n kò dárúkọ dókítà. Mo di ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé, ẹgbẹ́ tó bá sì fẹ́ gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ mọ̀ àti ìdí tó fi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kan ní bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dùbúlẹ̀ bímọ ni kò dọ́gba. Semmelweis náà rò bẹ́ẹ̀, ó yí i padà, ikú kò dín. Òmíràn béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àpòòwé kan wà fún ìyẹn: fadá máa ń gba ẹ̀ka kìíní kọjá lọ gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ, agogo á sì máa dún níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí fadá yà gba ibòmíràn, kí agogo dákẹ́, síbẹ̀ ikú kò dín. Ìgbà tí wọ́n ṣí àpòòwé tó sọ nípa ọ̀rẹ́ dókítà náà, ẹni tí ọ̀bẹ gé níbi tí wọ́n ti ń la òkú ní 1847 tí irú ibà tó ń pa àwọn ìyá náà sì pa á, ariwo sọ. "Ohun tó wà lára òkú ló ń bá ọwọ́ wọn lọ!" Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló máa ń la òkú kí wọ́n tó lọ gbẹ̀bí, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí kì í là á. Ọmọbìnrin tó pariwo kòkòrò àrùn nígbà àkọ́kọ́ ti kúrò lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ó ṣì ń dùn mí pé kò bá wọn jókòó lọ́jọ́ náà.

Gbogbo àríyànjiyàn yìí, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é, èmi ni mo sì gbà wọ́n láàyè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, á sanwó. Mo kíyè sí i pé bí mo bá ní kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wà nínú ìwé ni wọn á kà fún mi. Bí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe é, kò sí ohun tí wọ́n há sórí tí wọ́n lè sá sí, wọn á máa wá ọ̀rọ̀ fúnra wọn, ibẹ̀ sì ni ìdí ọ̀rọ̀ ti ń yọ. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n sì ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò já wọn kulẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda Yorùbá fún mi ní Sátidé. Wọ́n yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Bí ó ṣe kan ìwádìí fúnra ẹ̀ nìyí. Mo ní kí wọ́n lọ mú ìbéèrè wá. Wọ́n mú "ipa ìyípadà ojú ọjọ́ lórí ayé" wá, wọ́n mú "ewu oògùn olóró" wá, pẹ̀lú ojú ewé tó kún fọ́fọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ mú orúkọ àwọn ìwé onímọ̀ wá nísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. A jọ wá wọn lórí ẹ̀rọ, a ò rí òmíràn nínú wọn níbì kankan. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè ló hùmọ̀ wọn fún un. N kò bá a wí, nítorí ojú tirẹ̀ gan-an ti wálẹ̀. Òfin méjì la fi jáde níbẹ̀: ìwé tí o kò ṣí, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀, ìbéèrè tí Google bá ti lè dáhùn, kì í ṣe ìbéèrè wa.

Òfin kejì yìí ló gbé wa dé ọjà. Ọmọbìnrin kan ní, "Mà, ìyá mi máa ń ní kí n má ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi ìyá kan. Wọ́n ní kóńgò tiẹ̀ jinlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?" Gbogbo kíláàsì dìde sókè. Kò sẹ́ni tí wọn ò tíì fi kóńgò rẹ́ jẹ rí.

Bódìjà la lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àti bírò lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí mo kọ́kọ́ lọ rí. Wọ́n dé iwájú ìyá ẹlẹ́wà kan: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé a lè wọn kóńgò yín?" Ìyá náà da kóńgò dojú dé. "Ta ló rán yín? Ìjọba?" Àwọn aládùúgbò ẹ̀ ti ń dìde. Ẹnìkan ti ń na ọwọ́ sí mi pé èmi àgbàlagbà tí mo kó ọmọ ọlọ́mọ wá yẹ ọjà wò. A kó ẹsẹ̀ wa kúrò níbẹ̀ wàràwàrà. Mo padà lọ bá ìyálọ́jà nílé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ló ń jẹ èébú. Wọ́n ní àwọn gbà, bí a ò bá ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí a ò sì ní pariwo èsì kiri ọjà. Bí ẹ bá máa rán ọmọ lọ bá ènìyàn fún ìwádìí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Omi la fẹ́ fi wọn kóńgò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ní omi kò gbọdọ̀ kan ohun tí wọ́n fi ń bu ẹ̀wà. A bá ń ra ẹ̀wà kóńgò kọ̀ọ̀kan, a ń gbé e sórí sìkéèlì láàbù. Owó mi ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, a ń ta ẹ̀wà náà fún àwọn tíṣà ní iye tí a rà á, owó ń padà, a tún ń fi rà.

Èsì àkọ́kọ́ jìnnà síra wọn gan-an. Ọ̀kan ti fẹ́ kọ ọ́ pé oníjìbìtì làwọn ọlọ́jà. Òmíràn ní, "Dúró ná. Ṣé ẹ̀wà kan náà la rà?" Rárá o. Olóyin lèyí, drum lèyẹn, ẹ̀wà tó bá tóbi kì í jókòó tì ara wọn bíi ti wẹ́wẹ́. A padà lọ ra olóyin nìkan. Wọ́n tún ní: ṣé kóńgò ló yàtọ̀ ni, àbí ọwọ́ tó ń bù ú? Wọ́n bá ń rà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ẹ̀wà inú kóńgò nínú ọ̀rá kan, ènì nínú ọ̀rá kejì. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn ní èyí. Mo jókòó lórí àga, mò ń wò wọ́n, mo sì ń gbìyànjú láti pa ẹnu mi mọ́, èyí tó le fún tíṣà ju ohun gbogbo lọ.

Ibẹ̀ ni ohun tó dùn mí jù ti ṣẹlẹ̀. Mò ń yẹ ìwé wọn wò, mo rí ti ọmọbìnrin kan, ó mọ́ tónítóní. Ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gíráàmù kan náà ni lẹ́ẹ̀kìíní àti lẹ́ẹ̀kejì, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pè é sẹ́yìn kíláàsì. Ó kọ́kọ́ sẹ́, ó wá bú sẹ́kún. "Mà, wọ́n yàtọ̀ ni. Mo rò pé èmi ni n ò wọ̀n ọ́n dáadáa."

Inú ti bí mi kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa iná náà. Níbo ló ti kọ́ ọ? Ní láàbù kẹ́mísírì tiwa ni, níbi tí a ti ń sọ fún wọn pé kíkà burette, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà, gbọ́dọ̀ sún mọ́ra kí WAEC tó fún wọn ní máàkì, tí àwọn ọmọ iwájú sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń hùmọ̀ ìkejì láti ara ìkíní. Ó ti gbà pé bí nọ́ńbà méjì bá yàtọ̀, òun ló jẹ̀bi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ò lọ ọjà. Mo fún olúkúlùkù ní rúlà, mo ní kí wọ́n wọn gígùn bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ọ́ sínú bébà, kí wọ́n ká a. Nígbà tí a tú u, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí méjì tó bára mu. Mo wọn tèmi, ó tún yàtọ̀. Bẹ́ǹṣì kò gùn sí i, kò kúrú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bẹ́ǹṣì. Láti ìgbà yẹn, bírò nìkan la fi ń kọ ìwé ìwádìí wa, a kì í lo tipex, a kì í ya ojú ewé. Ohun tí o bá ṣì kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí a ṣì lè kà á, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àkọsílẹ̀ yìí ni mò ń fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Ìròyìn ìparí, bó ti wù kó dùn tó, ìdá díẹ̀ ló ní. Ká ní mo ti ṣe eré bẹ́ǹṣì yìí kí a tó dé Bódìjà, ọmọ yẹn kì bá tí sunkún.

Àwọn òbí náà kò gbẹ́yìn. Bàbá kan wá bá mi: "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Mo sanwó kí ọmọ mi lè di dókítà, ẹ wá ń rán an lọ ra ẹ̀wà." N kò bá wọn jiyàn. Mo ní kí wọ́n wá jókòó ní Sátidé kan. Wọn ò wá, wọ́n yọ ọmọ wọn. Àmọ́ ìyá ọmọ kan tó ń ta èlò oúnjẹ ní Ọjà Ọba wá, ohun tí wọ́n sì sọ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ti rí i nínú nọ́ńbà wọn pé ẹni tí kóńgò ẹ̀ kò jinlẹ̀ ló ń fi ènì tó pọ̀ sí i, wọn ò mọ ìdí ẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kóńgò ẹ̀ bá kéré, ṣé ó lè ṣahun ènì ni? Oníbàárà á sá." Bí wọ́n ṣe ro ẹ̀wà inú kóńgò pọ̀ mọ́ ènì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọlọ́jà kan sí èkejì kò tó ìdajì ohun tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ràn mi lórí òbí ni pé kí ẹ ṣe irú kíláàsì yìí kí ọmọ tó wọ SS2. Bí WAEC bá ti sún mọ́lé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tiyín.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, a kó ìwé lọ fún ìyálọ́jà, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ló fún wa láṣẹ. Àwọn ọmọ ka èsì wọn, wọ́n ṣàlàyé olóyin àti drum, ọ̀rá méjì, ènì. Ìyálọ́jà gbọ́ ọ parí, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá ní, "Èyí tí ẹ rà nígbà òjò àti èyí tí ẹ rà lẹ́yìn òjò, ṣé ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ̀wà tó bá fa omi máa ń wúwo o."

A ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀wà kóńgò méjì wà nínú páànù níta kíláàsì báyìí, a ń sá ọ̀kan, a bo èkejì. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Adìẹ ẹ̀ṣọ́ ọgbà ti jẹ nínú èyí tí a ń sá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.